Bí a ṣe ń yan gìtá béèsì olókùn márùn-ún tí kò wọ́n

Okùn kan ṣoṣo ló ya béèsì olókùn márùn-ún sọ́tọ̀ sí olókùn mẹ́rin: okùn B, èyí tó nípọn jù, tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Okùn mẹ́rin yòókù, E, A, D àti G, kò yàtọ̀ sí ti béèsì tí gbogbo wa mọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá lọ yẹ olókùn márùn-ún olówó pọ́ọ́kú wò, okùn G ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta. Wọ́n á fi àtàǹpàkò gbá a díẹ̀, wọ́n á wo bí àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe ń dán, wọ́n á sanwó. Okùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ náwó, wọn ò fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi délé.

Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Okùn B ni kí ẹ fi dá béèsì náà lẹ́jọ́. Bí B rẹ̀ bá dára, èyí tó pọ̀ jù nínú àbùkù yòókù ló ṣeé tún ṣe lówó kékeré. Bí B rẹ̀ kò bá dára, tí kì í sì í ṣe pé okùn rẹ̀ ló ti gbó, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé olókùn márùn-ún lẹ nílò lóòótọ́?

Okùn B ń fún yín ní nótì márùn-ún tí kò sí lórí béèsì olókùn mẹ́rin tí wọ́n túùnù bó ṣe yẹ: B, C, C♯, D àti E♭. Bí ẹ bá ń ta béèsì fún akọrin tó fẹ́ràn key E♭ tàbí D♭, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Orí olókùn mẹ́rin, ẹ ó gbé nótì ìpìlẹ̀ orin lọ sókè, orin á sì fúyẹ́ níbi tó yẹ kó ti wúwo.

Àǹfààní kejì ni mo kà sí jù, àwọn èèyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Bí ọwọ́ yín bá wà ní fret karùn-ún, ìyẹn ìkarùn-ún nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, E ìsàlẹ̀ ti wà níbẹ̀ lórí okùn B, F wà ní fret kẹfà, G wà ní ìkẹjọ. Ẹ kò ní máa sáré lọ sí ìdí orí gìtá nígbà gbogbo tí nótì ìsàlẹ̀ bá dé. Ojú kan ni ọwọ́ á dúró sí, orin á sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé D ìsàlẹ̀ nìkan lẹ ń wá, tó sì jẹ́ inú orin méjì tàbí mẹ́ta ni, ẹ dẹ okùn E ti olókùn mẹ́rin yín wá sí D, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àwọn mìíràn máa ń yọ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, wọ́n á fi B, E, A àti D rọ́pò wọn. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá lè pàdánù okùn G, tí ẹ sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó máa bá yín fẹ ojú ihò okùn lórí gìtá náà. Ẹ ṣe èyí fún ìgbà díẹ̀ ná kí ẹ fi mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ yẹn wúlò fún yín tó láti fi ra béèsì mìíràn.

Mo fẹ́ fi kan kún un. Kì í ṣe gbogbo olókùn márùn-ún ló ní B. Fender ṣe ọ̀kan jáde ní 1965 tí wọ́n pè ní Bass V. Okùn karùn-ún rẹ̀ jẹ́ C òkè, kì í ṣe B ìsàlẹ̀, fret 15 péré ló sì ní. Ọjà rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn náà ni B ìsàlẹ̀ wá borí, StingRay 5 tí Music Man gbé jáde ní 1987 sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń fi C òkè sí tiwọn, nítorí náà bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó ń da okùn B láàmú

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Bí ẹ bá ta okùn G láìtẹ fret kankan, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 98 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. E ń gbọ̀n ní ìgbà 41. B ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 péré. Gígùn kan náà sì ni gbogbo wọn lórí béèsì tó pọ̀ jù. Kí okùn tó gùn tó E tó lè sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti dẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n mú un nípọn sí i. Bí ó bá dẹ̀ jù, á máa rọ̀ lábẹ́ ìka, á máa gbá fret, nótì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lókè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ. Bí ó bá nípọn jù, á gan bí ọ̀pá, ohùn rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá B ló ń dún tàbí C.

Iṣẹ́ ẹni tó ṣe béèsì ni láti wá àárín méjèèjì. Nǹkan mẹ́ta ló ń ràn án lọ́wọ́: bí okùn ṣe gùn tó, bí ó ṣe nípọn tó, àti bí ọrùn gìtá ṣe le tó láti gbé okùn márùn-ún láìmì.

Gígùn okùn, láti nut tó wà lọ́wọ́ orí gìtá títí dé bridge tó wà nísàlẹ̀, ni wọ́n ń pè ní scale. Olókùn márùn-ún olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀ jù jẹ́ ínṣì 34, ìyẹn mílímítà 864. Àwọn kan jẹ́ ínṣì 35, mílímítà 889. Àwọn mìíràn wà tí fret wọn dà gẹ̀rẹ̀, tí okùn B fi gùn ju G lọ. Àwọn tí Dingwall ń ṣe ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù, níbi tí B ti jẹ́ ínṣì 37 tí G sì jẹ́ 34.

Òǹtajà á sọ fún yín pé ínṣì 35 ni B ti ń dára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò kàn tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá gbé okùn B kan náà kúrò lórí ínṣì 34 lọ sórí 35, tí ẹ sì túùnù rẹ̀ sí B, yóò le sí i ní nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Ẹ wá wo apá kejì: ẹ jókòó sórí ínṣì 34 yín, ẹ yọ okùn B tó jẹ́ .125 kúrò, ẹ fi .130 rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń le sí i ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Nọ́ńbà yẹn ni bí okùn ṣe nípọn tó ní ínṣì; .130 jẹ́ mílímítà 3.3. Okùn kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó béèsì, ṣe ju ohun tí odindi ínṣì kan ṣe lọ. StingRay 5 fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn nítorí B rẹ̀, ínṣì 34 ni.

Nítorí náà, ẹ má fi owó kún owó tìtorí 35 nìkan. Bí ọwọ́ yín kò bá gùn, 34 á tù yín lára jù, pàápàá ní fret kìíní sí ìkẹta. Ti ínṣì 37 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí ó le ju 34 lọ ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100, ẹni tó bá sì ń ta orin tó wúwo, tó ń túùnù kọjá B lọ sísàlẹ̀, máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú wọn kì í sábà wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ìwọ̀n tó bá ọwọ́ yín mu

Àyè tó wà láàárín okùn kan sí èkejì lórí bridge máa ń yàtọ̀ gan-an láàárín àwọn olókùn márùn-ún, àwọn tó ń bọ̀ láti orí olókùn mẹ́rin kì í sì í rò ó. Ti olókùn mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ mílímítà 19 sí 20. Ibanez SR305 jẹ́ 16.5. Yamaha TRBX305 jẹ́ 18. Mílímítà kan ààbọ̀ dà bí ohun tí kò tó nǹkan lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìka yín á mọ̀ ọ́n kí orin kan tó parí.

Ẹni tó ń fi ìka méjì ta, tí kì í fi àtàǹpàkò gbá okùn, máa gbádùn 16.5, nítorí ọrùn gìtá á tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ọwọ́ òsì kò sì ní rẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ẹni tó ń ta slap, kó wá 18 sókè, kí àtàǹpàkò rẹ̀ lè rí àyè wọlé kó sì jáde. Bí ẹ kò bá tíì mọ irú èyí tí ẹ jẹ́, 18 kò ní ṣẹ̀ yín.

Wọ́n á sọ fún yín nípa igi. Ẹ gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ. Lórí béèsì tí owó rẹ̀ kéré, bí ọrùn ṣe tọ́ tó àti bí wọ́n ṣe tún fret ṣe ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ fíìfíì. Bákan náà ni iye fret: ogún lè tó, 24 kò sì burú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: inú rẹ̀, ṣé kó ní bátìrì tàbí kó má ní?

Béèsì tí kò ní bátìrì ni wọ́n ń pè ní passive. Bọ́tìnì ohùn rẹ̀ kò lè fi ohunkóhun kún ohun tó ti inú pickup (ohun tó wà lábẹ́ okùn, tó ń gba ìró wọn) jáde, àfi kó dín in kù. Èyí tó ní bátìrì, tí wọ́n ń pè ní active, ní preamp nínú, ó sì lè gbé ìsàlẹ̀ tàbí òkè ohùn sókè. Bátìrì 9V ni ọ̀pọ̀ ń lò.

Fún owó kékeré, mo fẹ́ràn èyí tó ní preamp ju èyí tí kò ní lọ, nítorí ẹ lè fi í ràn B lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá bá ara yín níwájú áńpù tí kì í ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi pa preamp yẹn, bíi Sire V7. Bí bátìrì bá kú láàárín orin, ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́, orin á máa lọ. Àwọn tí kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, bí bátìrì bá ti kú, ohùn kò ní jáde mọ́, tàbí kó máa jáde fífọ́. Ẹ tún rántí pé wáyà tí ẹ ki bọ béèsì ló ń tan preamp. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú ti fi bátìrì ṣòfò.

Nípa pickup fúnra rẹ̀, ohun kan ni kí ẹ wò: ṣé ó gùn tó láti bo okùn B láti etí dé etí? Bí okùn B bá bọ́ sí etí pickup, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju ti E lọ. Bí béèsì bá ní pickup méjì tí wọ́n ń pè ní single-coil, bíi ti Jazz Bass tí Fender ń ṣe, ìró iná á máa kùn bí ẹ bá ṣí ọ̀kan nìkan. Bí ẹ bá ṣí méjèèjì dọ́gba, á dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, béèsì náà kò bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ má tíì ki wáyà bọ̀ ọ́. Sípíkà kékeré tó sábà máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò lè gbé ìgbọ̀n 31 yẹn jáde dáadáa. Ìlọ́po rẹ̀, 62, lẹ máa gbọ́, etí yín á sì parí ìyókù fúnra rẹ̀. Áńpù burúkú lè mú kí B rere dà bí ohun tó kú, áńpù ńlá sì lè bo àṣírí B burúkú. Láìsí wáyà, kò sí ibi tí ohùn lè sá pamọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ túùnù. Fóònù tí ẹ fi ń túùnù lè máà gbọ́ B, nítorí ó rẹlẹ̀ jù fún un. Ẹ fi ìka kan okùn B fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá gan-an, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ta á, ẹ sì ká ìka kúrò. Ohùn tó máa jáde á ga sókè, fóònù á sì rí i kà. Ẹ béèrè bóyá okùn náà ti pẹ́ lórí rẹ̀. Okùn tó ti gbó ń pa ohùn B ju ti okùn mìíràn lọ.

Ẹ wá ta B láìtẹ ohunkóhun, kí ẹ jẹ́ kó dún títí tó fi máa kú. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn gìtá. B tó dára máa dún pẹ́, ó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára gìtá. Èyí tí kò dára á bú sókè lẹ́ẹ̀kan, á sì parẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ tẹ fret karùn-ún lórí B, ẹ ta á, ẹ wá ta okùn E lásán. E kan náà ni méjèèjì. Ẹ ta wọ́n ní àtẹ̀léra, kí ọwọ́ ọ̀tún má ṣe le sí ọ̀kan ju èkejì lọ. Kò sí béèsì tí méjèèjì ti máa dọ́gba pátápátá, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ ọmọ ìyá. Bí ti B bá ṣókùnkùn, tó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó, nígbà tí ti E mọ́ gaara, ẹ ó máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn nínú gbogbo orin tí ẹ bá ta. Ẹ máa gòkè lórí B láti fret karùn-ún sí ìkejìlá, kí ẹ gbọ́ ibi tí nótì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Lẹ́yìn ìkeje, gbogbo B ló máa ń rẹ̀ díẹ̀, ẹ kàn fẹ́ mọ bó ṣe rẹ̀ tó ni.

Bí ẹ bá ń ta okùn G tí ẹ sì ń gbọ́ ìró kan tó ń kùn nísàlẹ̀, ẹ má sáré bínú sí béèsì. Okùn B ló ń bá yín dún fúnra rẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó dì í mú. Ẹ gbé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí, á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá gìtá padà fún ọlọ́jà tìtorí èyí.

Ó kan bóyá nótì rẹ̀ péye. Ẹ kan B fẹ́ẹ́rẹ́ ní fret kejìlá bí ẹ ti ṣe níṣàájú, ẹ wá tẹ fret kejìlá kan náà dáadáa, kí ẹ wo bóyá nótì méjèèjì bá ara wọn mu. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ wo saddle, ìyẹn irin kékeré tí okùn náà jókòó lé lórí bridge. Síkúrù ló ń tì í síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí nótì tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, saddle gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé ó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún un láti lọ sẹ́yìn? Lórí àwọn béèsì olówó kékeré kan, saddle B ti dé òpin síkúrù rẹ̀, nótì sì ṣì ga. Ìyẹn lè má ṣeé tún ṣe láìpààrọ̀ bridge tàbí láìgbìyànjú okùn mìíràn.

Ọrùn gìtá náà kì í purọ́. Ẹ di orí gìtá mú, ẹ wo gbogbo ọrùn rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń wo bóyá pákó tọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ B bá lọ sókè níbi tí ẹ̀gbẹ́ G ti lọ sílẹ̀, ọrùn náà ti lọ́. Ẹ dá a padà, truss rod, ìyẹn ọ̀pá irin tó wà nínú ọrùn, kò wo ìyẹn sàn. Bí kò bá lọ́, ẹ tẹ B ní fret kìíní àti ní fret tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àyè tó wà lábẹ́ okùn ní nǹkan bíi fret keje tàbí ìkẹjọ. Nǹkan bí mílímítà 0.3 dára. Bí kò bá sí àyè rárá, tàbí tí ó pọ̀ jù, truss rod lè tún un ṣe, ẹ kàn rí i dájú pé ó ṣì ń yí. Ní fret kejìlá, B lè fi mílímítà 2.5 sí 3 ga ju fret lọ, G lè fi nǹkan bíi 2.

Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sókè sódò. Etí fret tó bá ń gé ọwọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi fáìlì gé e. Ẹ tẹ gbogbo nótì lórí G láàárín fret kẹrin sí ìkẹjọ. Lórí ọ̀pọ̀ béèsì, nótì kan níbẹ̀ máa ń kú kíákíá ju àwọn yòókù lọ. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, kò sí béèsì tí kò ní i. Bí ó bá kú bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ pa á, ẹ wá òmíràn.

Ẹ fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ èjìká, ẹ dìde, kí ẹ fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Orí olókùn márùn-ún wúwo ju ti olókùn mẹ́rin lọ nítorí irin ìtúùnù karùn-ún. Bí orí bá ń fì sílẹ̀, ọwọ́ òsì yín ló máa máa gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn tàbí òde dé òpin. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ní awọ líle lẹ́yìn máa ń dín in kù, kì í sì í pa á tán. Ní ti ìwúwo gbogbo rẹ̀, kílò 4 sí 4.5 ni ọ̀pọ̀ wọn. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn yín á jẹ́rìí.

Ìsinsìnyí ni kí ẹ wá ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ lo headphone bí áńpù bá ní ojú rẹ̀, nítorí headphone tó dára máa ń gbé ìsàlẹ̀ jáde ju sípíkà kékeré lọ. Ẹ fi gbogbo bọ́tìnì sí àárín, kí ẹ ta okùn márààrún ní àtẹ̀léra. Ṣé B dún tó E? Ẹ yí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan; bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀, oògùn ìfọ̀ àwọn ohun èlò iná lè wò ó sàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àlòkù, àti èyí tí ẹ kò rí lójú

Owó kan náà tó ń ra tuntun tó kéré jù sábà máa ń ra àlòkù tó dára jù ú lọ, mo sì gba ọ̀pọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ síbẹ̀. Ẹ kàn wo ibi tí ọrùn ti wọ ara gìtá bóyá ó ti là. Ẹ ṣí ilé bátìrì, bí ẹ bá rí ìpẹtà tó dà bí ìyẹ̀fun níbẹ̀, bátìrì kan ti jò síbẹ̀ rí. Ẹ wo àwọn fret bóyá okùn ti gbẹ́ kòtò sí wọn lórí. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń rà, ẹ ní kí ó ya fídíò tí ó ti ta B lásán tó sì jẹ́ kó dún dópin, pẹ̀lú ìdánwò fret karùn-ún tí mo sọ lókè. Ẹ tún béèrè àwòrán bridge láti òkè, kí ẹ lè rí saddle B, àti àwòrán ọrùn tí wọ́n yà láti orí gìtá. Ẹni tó ní ohun tó dára lọ́wọ́ kì í sábà bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àwọn orúkọ tó yẹ kí ẹ gbọ́ díẹ̀: Squier Affinity Jazz Bass V jẹ́ passive, kò ní wàhálà, ó yẹ ẹni tó fẹ́ ohùn Jazz Bass. Ibanez SR305 ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ó sì ní preamp. Yamaha TRBX305 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí kò mọ èyí tí òun fẹ́, nítorí àyè okùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ohùn StingRay ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò tó ó, kó wo Ray5 ti Sterling by Music Man. Sire wà lára àwọn tó ń fúnni ní ohun púpọ̀ ju owó wọn lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn olówó kékeré, méjì tí orúkọ wọn jọra lè máà dún bákan náà. Bí méjì bá wà níbẹ̀, ẹ dán méjèèjì wò, kí ẹ mú èyí tí B rẹ̀ dára jù, kódà bí àwọ̀ èkejì bá wù yín ju tirẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: owó tó yẹ kí ẹ fi pamọ́, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹ bá délé

Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí gìtá. Ní èrò tèmi, kí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣẹ́ kù fún okùn tuntun, setup (títún gìtá tò), bẹ́líìtì fífẹ̀ àti àpò. Béèsì àárín tí wọ́n tún tò dáadáa máa ń sàn lọ́wọ́ ju béèsì tó dára tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ fi okùn tuntun sí i lọ́sẹ̀ tí ẹ bá rà á. Àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti .045 dé .130 ni mo dámọ̀ràn. Bí B bá ṣì rọ̀ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, ẹ lè ra .135 lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ó máa wọ ojú nut àti ihò irin ìtúùnù, kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá ń fi okùn B sí i, ẹ má gé e kúrú jù. Kó yí irin náà ká ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, kí gbogbo yíyí rẹ̀ sì máa lọ sísàlẹ̀, kí okùn lè tẹ nut dáadáa. B tí kò tẹ nut dáadáa máa ń kùn bí ẹ bá ta á lásán, àwọn èèyàn á sì máa rò pé fret ló bàjẹ́.

Bí ẹ bá fi okùn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ọrùn á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọn àyè tó wà ní fret keje. Bí ẹ bá ní láti yí truss rod, ìdámẹ́rin yíyí lẹ́ẹ̀kan ni, kí ẹ dúró, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá le jù láti yí, ẹ má fi agbára sí i, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe. Lẹ́yìn tí ọrùn bá ti dúró ni kí ẹ tó gbé okùn sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí saddle, nótì pípéye ni ẹ máa tún ṣe kẹ́yìn. Bí ẹ bá fi nótì ṣáájú, ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ṣọ́ọ̀bù bá fún yín láyè láti dá a padà láàárín ọjọ́ kan pàtó, ẹ lo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti máa ń ta orin gan-an, sí áńpù tí ẹ máa ń lò, pẹ̀lú ìlù àti àwọn olórin yín, kí ẹ sì ta gbogbo orin key E♭ tí ẹ mọ̀.